Résìn Kọ̀, Kò Gbẹ L'Ẹrúnmu: Ta Ló Jẹ̀bi, Ẹni Tó Tà Á Ni Àbí Ẹni Tó Pò Ó?

Ariwo ńlá sọ ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Ìbàdàn nínú òjò, nígbà tí ọmọbìnrin oníṣẹ́ ọwọ́ kan láti Ẹrúnmu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, gbé ike kan wọlé, tó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí káńtà. Kíhódà 40 ni, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ kọ́kọ́rọ́. Résìn ló fi dà wọ́n, ó to ẹyọ owó àti ègé àdìrẹ sínú wọn. Ìyá ìyàwó kan ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, wọ́n fẹ́ pín in fún àwọn àlejò. Ọjọ́rú lọjọ́ tí à ń wí yìí, Sátidé ni ìgbéyàwó. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti dà á, kò gbẹ. Ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ.

"Màmá, ayédèrú lẹ tà fún mi! Ẹ dá owó mi padà!"

Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ò bá a jà. Ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ wò. "Ọmọ mi, kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Síkéèlì ni mo gbé e lé, mà. 100 gíráàmù résìn, 100 gíráàmù hádínà. Ṣebí wọ́n kọ ọ́ sára ike pé ọ̀kan sí ọ̀kan ni."

"Ṣé kóńgò ìrẹsì kan àti kóńgò gàrí kan máa ń wúwo bákan náà ni?"

Ọmọbìnrin náà dákẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀kan sí ọ̀kan tí wọ́n kọ sára ike yẹn, ife ni wọ́n ń wí, kì í ṣe síkéèlì. Hádínà fúyẹ́ ju résìn lọ. Résìn tó kún ife 100 mílílítà lè wúwo tó 110 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí hádínà tó kún irú ife kan náà má tó 100. Ẹni tó bá fi síkéèlì wọ̀n wọ́n lọ́gbọọgba ti fi hádínà ṣe àpọ̀jù láìmọ̀. Résìn ìpọ́ksì ò gbẹ bí ọ̀dà ṣe ń gbẹ, tí afẹ́fẹ́ á fi gbé omi rẹ̀ lọ. Ńṣe ni méjèèjì ń so mọ́ ara wọn títí wọ́n á fi le. Hádínà tí kò bá rí résìn so mọ́, bó ṣe wà náà nìyẹn. Ẹ sá a sóòrùn títí di ọdún tó ń bọ̀, oòrùn ò lè tún àṣìwọ̀n ṣe. Ike mìíràn wà tó jẹ́ méjì sí ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn ka ara ike kó tó ṣí i.

Àwọn kan á ní, "Fi hádínà kún un, á tètè gbẹ." Irọ́ ni. Résìn fáíbà ni wọ́n ń rò, èyí tó ń rùn gan-an, tí àwọn tó ń tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe ń lò. Ìyẹn ni hádínà rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 1 tàbí 2 lọ nínú 100. Òun náà sì ní ewu tiẹ̀: oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní kóbáàtì, tó ń mú un yá. Ẹ má da òun àti hádínà rẹ̀ pọ̀ láéláé, wọ́n lè bú gbàmù. Inú résìn ni kí ọ̀kan ti kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ rò ó dáadáa, kí èkejì tó tẹ̀ lé e.

Ẹ padà sórí ìpọ́ksì. Bó bá le níbì kan tó rọ̀ níbòmíì, kò sí àṣìwọ̀n ńbẹ̀ nìyẹn o, rírò ni kò kúnná. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ni kí ẹ fi rò ó, kí ẹ fi igi ha ẹ̀gbẹ́ àti ìdí ife, kí ẹ tún dà á sínú ife mìíràn, kí ẹ tún rò ó. Bó bá sì le lábẹ́, tí ojú rẹ̀ kàn ń yọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á, ọ̀rinrin inú òjò ló fà á. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ á ṣí i kúrò.

Ti ihò wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹyọ owó tó to sínú rẹ̀ ló fà á. Afẹ́fẹ́ wà nínú ikùn ẹyọ owó. Bí résìn bá ti bò ó, afẹ́fẹ́ á máa wá ọ̀nà jáde. Ẹ kọ́kọ́ fi résìn díẹ̀ dí ẹnu rẹ̀. Ẹ fi résìn pa àdìrẹ náà, kó gbẹ ná, kí ẹ tó da ìyókù lé e. Àwọn asúde Ilé-Ifẹ̀ ìgbàanì, tó da àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbolé Wúnmọ́níjẹ lọ́dún 1938, náà ò lè fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ àti omi ṣeré. Bí amọ̀ wọn ò bá gbẹ tán, idẹ gbígbóná á sọ omi inú rẹ̀ di ooru, ooru á sì lu idẹ níhò.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Ó ń mú ara yún, ẹni tó bá sì ti yún lára lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ báyìí á tún máa bá a jà. Ẹ̀yin tó ń fi résìn ṣe tíréè, ẹ má jẹ́ kí oníbàárà gbé ìkòkò gbígbóná lé e, á rọ̀.

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù yẹ àwọn 40 náà wò. Mẹ́sàn-án ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwọn 31 tó kù le nínú, ojú wọn nìkan ló ń lẹ̀. Ó ní kó fi sípíríìtì nu wọ́n, kó jẹ́ kí wọ́n gbẹ, kó fi ife oníla wọn résìn tuntun, kó fi tẹ́ẹ́rẹ́ bò wọ́n, kó sì tún mẹ́sàn-án mìíràn dà. Àwìn ló gbé résìn ọ̀hún fún un. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló dà wọ́n. Láàárọ̀ Sátidé, ìyá ìyàwó gba 40 pé. Owó résìn kejì ṣì wà lọ́rùn ọmọbìnrin náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń san án.