Ìgboyà Agojie Kò Nu Ẹ̀jẹ̀ Òkè-Ọ̀dàn

Láti ọdún 2022 tí fíìmù The Woman King ti jáde, tí ìjọba Benin sì gbé ère ńlá jagunjagun obìnrin kan nàró ní Kútọnu, ni ariwo Agojie, àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhòmì, ti gba ìgboro. Àwọn ọmọ Yorùbá pàápàá ń pè wọ́n ní ìyá wa akọni. Èmi ò sí ńbẹ̀.

Pé wọ́n láyà, kò sí àríyànjiyàn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, Ọba Ghezo ti Dàhòmì kó ogun ja Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin yìí sì ń rọ́ lu odi ìlú bí ọta ṣe ń dà lé wọn lórí. Àwọn Ẹ̀gbá rò pé ọkùnrin làwọn ń bá jà, àfi ìgbà tí wọ́n mú ọ̀kan, tí wọ́n tú aṣọ lára rẹ̀. Inú bí wọn burúkú. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ́ kí obìnrin ṣẹ́gun àwọn, wọ́n sì lé Dàhòmì padà.

Ṣùgbọ́n kí ni Agojie wá ṣe? Ẹrú ni wọ́n wá kó. Fíìmù yẹn ní balógun Agojie ló ń bẹ ọba pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀, ó wá sọ Ọ̀yọ́ di ìkà. Lóòótọ́, Ọ̀yọ́ ta ẹrú, ó sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì títí di nǹkan bí 1823. Mi ò ní bò ó. Àmọ́ irọ́ ni pé Agojie gbógun ti òwò ẹrú.

Ẹ wo Àìná. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ọmọ ogun Dàhòmì run Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Wọ́n pa òbí rẹ̀, wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Ghezo. Ní 1850, Ghezo fi í ta ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ́rẹ, pé kó mú un lọ fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ̀ rẹ̀ sọ ọmọ náà: Forbes Bonetta.

Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwa tí a kó o gan-an la wá ń gbàgbé yìí!

Àwọn kan á ní kí n má ba ògo obìnrin jẹ́. Ṣé àwọn ìyá tí Dàhòmì kó ní ìlú Ìṣàgá ní 1862 kì í ṣe obìnrin ni? Bó bá jẹ́ obìnrin tó gbèjà ìlú lẹ ń wá, Ẹfúnróyè Tinúbú wá ìbọn àti ẹ̀tù fún Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhòmì tún padà wá ní 1864. Òun náà ta ẹrú. Ẹ sọ ìyẹn náà fún àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn, ẹ̀yin òṣèré, bí ẹ bá ti fẹ́ dárúkọ Agojie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ Òkè-Ọ̀dàn àti Ìṣàgá mọ́ ọn.