Ìwé àṣẹ rédíò aláfẹ́ l'Amẹ́ríkà: Ìdánwò tọ́, ọ̀rọ̀ owó ló kù

Lọ́jọ́ 20, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2017, ìjì líle tí wọ́n pè ní Maria ya lu Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Iná mànàmáná kú káàkiri, òpó fóònù bíi 95 nínú 100 sì dákẹ́. Ọmọ kò gbúròó bàbá, ará kò gbúròó ará. Nígbà náà ni ẹgbẹ́ Red Cross ké sí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi rédíò ṣe afẹ́, pé kí wọ́n wá 50 èèyàn tó lè bá wọn fi orúkọ àwọn tó yè ránṣẹ́ jáde.

Rédíò aláfẹ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ka ìròyìn. Ẹni tó ni ín ń fi sọ̀rọ̀, ó sì ń fi gbọ́ èsì láti ọ̀nà jíjìn, láìlo òpó fóònù kankan. Àmọ́ kò gbọdọ̀ fi pawó, kò gbọdọ̀ gbé orin sáfẹ́fẹ́, kò sì gbọdọ̀ fi ẹnà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ FCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀. Ìbéèrè 35 ló wà nínú ìdánwò àkọ́kọ́; ẹni tó bá gba 26 ti yege. Ọdún 10 ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́.

Lóṣù Kejì, ọdún 2007, FCC fagi lé ìdánwò Morse, ìyẹn títẹ ọ̀rọ̀ bíi ti wáyà ayé àtijọ́. Àwọn àgbà kan nídìí iṣẹ́ náà fapá jánú, wọ́n ní ohun téèyàn ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Nígbà tó sì di ọjọ́ 19, oṣù Kẹrin, ọdún 2022, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba Dọ́là 35 lórí ìwé àṣẹ tuntun àti èyí tí wọ́n bá sọ dọ̀tun. Dọ́là 50 ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ dábàá.

Kò sẹ́ni tó lè bá ìdánwò jà. Ẹni tí kò mọ ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà sọ̀rọ̀ lè dí i lọ́nà, ẹ̀mí á sì lọ sí i. Ti owó ló ṣòroó gbè. Lóòótọ́, Dọ́là 35 kò pé Dọ́là 4 lọ́dún, ARRL sì ṣètò láti san án fáwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Síbẹ̀, òfin kan náà tó ní aláfẹ́ kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ ló tún ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n ń ké sí nígbà tí fóònù bá kú.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìjọba tó bá fẹ́ rí olùrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ ìṣòro, kí ó mú ìdánwò le, kí ó sì jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà rọ akúṣẹ̀ẹ́ lọ́rùn.