Orúkọ Àwọn Tí Kò Padà Wálé



Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún, àwọn ilé ìwé máa tì ní Chicago nítorí Memorial Day. Ẹ máa rí àsíá kékeré lórí sàréè àwọn sójà. Ọmọ kíláàsì mi kan bi mí pé, "Mà, ṣé àwa Yorùbá náà ní sójà tó kú sógun lókèèrè?"

A ní o. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ bá àwọn sójà Jàpáànù jà ní Bọ́mà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wà lára wọn. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ sójà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọ̀tá yọ sí wọn létí odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Ìbọn ba ẹsẹ̀ òun náà, àmọ́ ará abúlé kan fún un lóúnjẹ níbi tó fara pamọ́ sí títí di oṣù Kejìlá. Ó padà wálé, ó sì kọ ìtàn náà sílẹ̀.

Àwọn tí kò padà ńkọ́? Láyé àtijọ́, bí èèyàn bá kú sí ìdálẹ̀, wọ́n á mú irun àti èékánná rẹ̀ wá sílé, wọ́n á sin ín. Kò sẹ́ni tó gé irun ti àwọn wọ̀nyí. Orúkọ nìkan ló kù. Ní Taukkyan, lẹ́bàá Rangoon, orúkọ tó súnmọ́ 27,000 ló wà lára òkúta, orúkọ àwọn tí a kò mọ sàréè wọn. Ti àwọn ọmọ Nàìjíríà wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan lọ sí Bọ́mà, kò padà. "Sójà" ni gbogbo ilé ń pè é. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀ gan-an títí bàbá mi fi kú. Lónìí, bí mo bá dé iwájú òkúta yẹn, mi ò mọ orúkọ tí màá wá.

Nítorí náà, iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí. Ẹ pe bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà lórí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá bi wọ́n pé: "Ta ló lọ sógun nínú ẹbí wa? Kí ni orúkọ rẹ̀?" Bó bá jẹ́ sójà Amẹ́ríkà níbí ni, ẹ kọ tirẹ̀ náà. Ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ mú un wá ní Sátidé. A ó jọ pè wọ́n lórúkọ.