Ẹ wo ibi tí ajá ń sùn kí ẹ tó tún ra abẹ́rẹ́

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n gún Tanímọ̀la, ajá mi, láàárín oṣù mẹ́fà ní Àjàṣẹ́ níbí. Tí wọ́n bá ti gún un, yíyún á dáwọ́ dúró, irun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, a ó tún bá a níbi tó ti ń fi eyín họ ìdí ìrù rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: "Bàbá Sìkírà, ẹ lé ajá yìí lọ, kó má baà kó o ran àwọn ọmọ." Díẹ̀ ló kù kí n gbà.

Lójú tèmi, yíyún là ń náwó lé, a kì í wá ohun tó fà á. Ẹni tó ń gún ajá mi kò bi mí rí pé níbo ló ń sùn. Bẹ́ẹ̀ irú abẹ́rẹ́ tí ń pa yíyún bẹ́ẹ̀ a máa dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Bó bá jẹ́ kòkòrò inú ihò irun ló ń da ajá láàmú, ńṣe ló máa gbilẹ̀ sí i.

Dókítà ẹran mìíràn ló bi mí. Ó fi ooyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra ya irun ẹ̀yìn ajá náà, ó gbọn ìdọ̀tí tó bọ́ sórí bébà funfun tó ti rẹ sómi. Àwọn ẹ̀kán dúdú náà di pupa. Ẹ̀jẹ̀ ni! Ìgbẹ́ eégbọn kéékèèké tí ń fò ni. Mo ní n kò rí ẹyọ kan lára rẹ̀ rí. Ó ní ajá a máa lá wọn mì, pé itọ́ wọn ni ara àwọn ajá kan kò gbà. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá ti gé wọn jẹ, wọ́n á yún un fún ọjọ́ púpọ̀.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni Tanímọ̀la ń sùn, lórí àpò ìdọ̀họ kan tí a kò gbọn láti ọdún tó kọjá. Eégbọn yìí lè yé ẹyin 40 lóòjọ́. Ẹyin náà á bọ́ sílẹ̀, ọmọ inú rẹ̀ á hun ilé bo ara rẹ̀, á sì lè dúró síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí ajá tó kọjá. A sun àpò náà, a fi omi gbígbóná fọ abẹ́ àtẹ̀gùn, a ń lo oògùn eégbọn fún ajá àti ológbò lóṣooṣù. Ó ti pé oṣù márùn-ún báyìí tí kò họra.

Kì í ṣe gbogbo yíyún ni ti eégbọn. Bó bá jẹ́ etí etí àti ìgbọ̀nwọ́ ni irun ti ń re, tí ara àwọn ará ilé náà sì ń yún wọn, ẹ fura sí kúrúnà ajá, nítorí ó ń ran ènìyàn. Bó bá jẹ́ etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń yún un yípo ọdún, oúnjẹ lè wà níbẹ̀. Ẹran tí kò jẹ rí ni wọ́n á fún un fún ọ̀sẹ̀ 8, láìsí egungun kankan láti ibòmíràn. (Ẹ wá sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ agboolé wa!)

Epo ẹ́ńjìnnì àlòkù tí àwọn kan ń dà sí ajá lára ńkọ́? Májèlé ni. Ajá yóò lá a.

Ẹni tó ní kí n lé Tanímọ̀la lọ ti yá ooyà mi fún ajá tirẹ̀. Kò tíì dá a padà.