Káńsù Ló Ni Ọjà: Ẹ Fòfin De Ọ̀bẹ Aṣóró

Bí obìnrin kan bá fẹ́ máa ta bíà ní Òkè-Ṣópìn ní Ìjẹ̀bú-Igbó, káńsù ló ni àṣẹ lórí rẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ìwé àṣẹ ọtí títà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fi ọjà, ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀ sọ́wọ́ wọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan bá to ọ̀bẹ aṣóró sórí àtẹ nínú ọjà kan náà, ọ̀bẹ olójú méjì tí kò ṣe é fi rẹ́ ẹ̀fọ́, tí kò ṣe é fi bẹ ẹ̀gẹ́, ta ló ń bi í léèrè ohunkóhun? Ọmọ ọdún mẹ́tàlá lè sanwó rẹ̀, kó ti ọ̀bẹ náà bọ àpò ṣòkòtò, kó sì máa lọ. Mo ní kí ìyẹn dópin. Kí káńsù Àríwá Ìjẹ̀bú tó fìdí sí Ìjẹ̀bú-Igbó, àti ti Ògùn Waterside tó fìdí sí Àbígì, ṣe òfin ọjà tó máa gbé ọ̀bẹ ìjà kúrò lórí àtẹ pátápátá, tó sì máa sọ ọ́ di èèwọ̀ fún oníṣòwò láti ta ọ̀bẹ èyíkéyìí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, àfi bí òbí tàbí ọ̀gá rẹ̀ bá dúró tì í.

N kò bá àdá jà o. Ta ló máa gbé Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú igbó, ìlú kòkó àti igi gẹdú, tó máa sọ pé àdá burú? Ọmọ apẹja ní Ìwópin kò lè ṣe kó má mọ ọ̀bẹ lò, nítorí bí àwọ̀n bá lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn nínú ọ̀sà, ọ̀bẹ ló máa gbà á là. Àwọn ìyá tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún gàrí, àwọn alápatà, àwọn adẹ́mu, gbogbo wọn ló ń fi irin jẹun. Irin tiwọn ní iṣẹ́, ó ní olówó, ó sì ní ibi tó ń sùn. Bí àdá bàbá bá sọnù lóko, ilé ò ní í rójú títí wọ́n á fi rí i.

Èyí tí mo ń sọ kò níṣẹ́ kankan. Ẹ ti rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀ṣì, bẹ́líìtì àti aago ọwọ́: jáàkì náìfù tí wọ́n ń tẹ̀ nídìí tí ojú rẹ̀ á ta jáde, ọ̀bẹ gígùn eléyín bí ti ayùn, ọ̀bẹ aṣóró tó ní àkọ̀ dúdú tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ìbàdí. Kò sí ẹran tí wọ́n ń fi kun. Ara ènìyàn ni wọ́n rọ ọ́ fún, ẹni tó ń tà á sì mọ̀.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún wa. Láti ọdún 1982 tí ìjọba ti dá yunifásítì tí à ń pè ní Olabisi Onabanjo lónìí sílẹ̀, àárín ìlú ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Òru, ní Awà, títí dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyẹn ló mú owó wọ ìlú, òun náà ló mú kí ìjà ẹgbẹ́ òkùnkùn jáde láti ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ sí ojúde onílé. Gbogbo wa la rántí Ifẹ̀, ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1999, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn fi ìbọn àti àáké pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, George Iwilade, wà nínú wọn. Nígbà náà, ọmọ yunifásítì là ń bẹ̀rù. Lónìí, ọmọ girama ti wà nínú ẹgbẹ́, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ti wà níbẹ̀. Ìbọn wọ́n lówó, àwọn ọmọ wọ̀nyí ò sì lówó. Ọ̀bẹ ni ọwọ́ wọn tó.

Ìgbàkígbà tí ọlọ́pàá, ẹ̀ṣọ́ So-Safe tàbí ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn bá mú wọn, wọ́n á to ẹrù òfin síwájú wọn kí oníròyìn ya fọ́tò: ìbọn ìbílẹ̀, oògùn, àáké, àdá, ọ̀bẹ. Wọ́n á bi wọ́n ní orúkọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n á bi wọ́n ní orúkọ ọ̀gá wọn. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n pé, "Ọwọ́ ta lẹ ti ra èyí?"

Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ní Òkè-Àrẹ̀gbà ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ tẹ àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún mẹ́tàdínlógún sí ogún lọ. Wọ́n ti gé orí ọmọbìnrin kan, wọ́n sì ń sun ún nínú ìkòkò nítorí oògùn owó. Gbogbo ìpínlẹ̀ yìí sunkún, pásítọ̀ wàásù, àlùfáà wàásù, gómìnà sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lórí owó òjijì àti íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yíjú sí ọjà.

Wọ́n á ní òfin ti wà. Ó wà lóòótọ́. Òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún wa ní 1916 ní ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó bá gbé ohun ìjà kiri láàárín ìlú lọ́nà tó ń kó jìnnìjìnnì bá ènìyàn. Ẹ wo bí òfin yẹn ṣe ń dúró: ó dìgbà tí ọ̀bẹ bá jáde nínú àkọ̀, tí ẹ̀rù bá ti ba ará àdúgbò, kó tó jí. Ẹni tó jẹ èrè orí ọ̀bẹ náà ti lọ sílé lọ jẹ́ẹ̀bà.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù lọ tí wọ́n máa ń gbé kò mí lójú ni ti ìgò. Wọ́n ní bí a bá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ, yóò fọ́ ìgò. Wọ́n sì lẹ́rìí. Damilola Taylor, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ wa tí ìyá rẹ̀ mú dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2000, àfọ́kù ìgò ni wọ́n fi gún un nítan ní Peckham ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún náà, tí ẹ̀jẹ̀ fi dà lára rẹ̀ títí ó fi kú. N kò ní í fojú kéré ikú yẹn láé. Ṣùgbọ́n orí ìrìn ni ènìyàn ti ń ṣa ìgò. Láti ilé ni wọ́n ti ń gbé ọ̀bẹ jáde. Ọmọ tó ti ki ọ̀bẹ sápò láàárọ̀ ti parí ìjà ìrọ̀lẹ́ nínú ọkàn rẹ̀, ohun tó kù ni kí ẹnìkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. A ti fi èkù lé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ́wọ́, ó sì ti ń bèèrè: lórí fóònù, lórí ọmọbìnrin, lórí bọ́ọ̀lù.

Àwọn mìíràn á ní ṣebí Lọ́ńdọ̀nù ṣòfin, ọ̀bẹ ò sì dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ta ọ̀bẹ fún ọmọ tí kò tó ọdún méjìdínlógún. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ọ̀bẹ gbọọrọ eléyín níran, àwọn tí wọ́n ń pè ní zombie-style knife, títí ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 tí òfin tuntun fi kó wọn dànù. Nígbà náà, ó ti wà lábẹ́ ibùsùn ọmọ káàkiri, ìjọba sì ní láti máa sanwó fún àwọn tó bá dá tiwọn padà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé orí àtẹ ló ti rọrùn jù láti mú un. Tó bá ti wọlé, iṣẹ́ di ńlá.

Ó tún ku ibì kan tó ń dùn mí. Àwọn òbí wa lókè òkun ń kó ọmọ wọn padà sílé nítorí ọ̀bẹ. Ní 2024, tọkọtaya kan láti Lọ́ńdọ̀nù gbé ọmọkùnrin wọn lọ sí ilé-ìwé ní Gánà nítorí ẹ̀rù ẹgbẹ́ ọmọ ìta, ọmọ náà sì gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ kọ́kọ́ dá àwọn òbí láre ní 2025, kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó gba ẹ̀bẹ̀ ọmọ náà. Bí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ bá yan Ìjẹ̀bú dípò Gánà, kí la fẹ́ kí ọmọ wọn bá lọ́jà wa?

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń sọ. Wọ́n ní ààbò ni. Ọlọ́kadà ń fi í sábẹ́ àga ọ̀kadà, akẹ́kọ̀ọ́ ń fi í sínú báàgì nítorí òpópó tó ṣókùnkùn. Mo gbà pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ọ̀bẹ kì í dá ìbọn dúró, kò sì sí olè tó máa dúró kí ẹ yọ tiyín. Ohun tó ń ṣe ni pé ìjà tí ẹ̀ bá ti sá fún, ẹ ò ní í sá fún un mọ́. Ẹ dúró nítorí ọ̀bẹ wà nínú àpò, ẹnì kejì náà dúró nítorí ohun kan náà.

Ilé-ìwé náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba ti ń ní kí ọmọ mú àdá wá bí wọ́n bá wọlé sáà tuntun, kí wọ́n lè gé koríko. Àgbàlagbà ló ní kí ọmọ ọdún méjìlá gbé irin olójú mímú la ìlú kọjá, ó ń wọ kẹ̀kẹ́, ó ń bọ́, kò sì sí ẹni tó kà á nígbà tó ń lọ sílé. Kí ilé-ìwé ra àdá tirẹ̀, kó tì í mọ́ yàrá, kí olùkọ́ kan sì máa kà á jáde, kó máa kà á wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, àdá yòówù tí a bá rí nínú báàgì ọmọ lójú ọ̀nà ilé-ìwé kò ní àlàyé mọ́.

Nílé ńkọ́? Ìyá mi kì í jẹ́ kí ọ̀bẹ sùn síta. Bí o bá máa fi lé ènìyàn lọ́wọ́, èkù lo máa nà sí i. Bí o bá ń gbé e lọ sí ilé kejì, inú igbá tàbí inú aṣọ ni, ojú rẹ̀ kì í sì í kọjú sí ènìyàn. Ọmọ tó bá fi ọ̀bẹ ṣeré kì í rí i fọwọ́ kàn fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ mélòó ni a ṣì ń kọ́ báyìí? Bí òbí kò bá mọ iye ọ̀bẹ tó wà nínú ilé ìdáná rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ọ̀kan ti jáde?

Ẹ̀yin Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la láìdúró de káńsù. Ẹ mọ àtẹ tí mo ń sọ. Ọjà tí ẹ máa pàdánù kò tó nǹkan, nítorí kò sí oníṣòwò kan ní Àgọ́-Ìwòyè tó ń fi jáàkì náìfù nìkan bọ́ ọmọ. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti àwọn kánsẹ́lọ̀, òfin tí mo ń béèrè kò ná káńsù ní títì kan, kò ná an ní kọ́ńtíráàtì kan. Ìjókòó díẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé alága ni. Kí ẹni tó bá tako ó dìde dúró, kó sọ ìdí rẹ̀ létí gbogbo wa, kí akọ̀wé sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè rí i kà nígbà ìdìbò.