Ẹ̀yáwó Ẹlẹ́ẹ̀kejì fún Ọgbẹ́ Àyà



Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan tó ń ta aṣọ àlòkù tọrọ ẹ̀yáwó ẹlẹ́ẹ̀kejì nítorí ọkọ rẹ̀. Àwọn kan kùn. Wọ́n ní ṣebí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún baálé náà, ó sì ti dé ilé, kí ni owó tún wà fún? Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀yáwó àkọ́kọ́. Owó ọjọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ni mo ṣírò, mi ò ṣírò ti ọgbẹ́. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Kí dókítà tó dé ibi ọkàn, ayùn ló fi ń la egungun àárín àyà sí méjì, á sì fi wáyà dì í padà. Ó ń tó bí oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí egungun náà tó mọ́ra. Ẹni tó bá lọ ń gbé bélì ní Kràké kó tó pé, wàhálà ló ń wá. Àtọ̀gbẹ, sìgá àti ara sísan jù náà kì í jẹ́ kó tètè jiná. Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, ọgbẹ́ á là, ọyún á máa jáde.

Ibẹ̀ ni dókítà àtúnṣe ara ti ń wọlé. Á gé egungun tó ti kú kúrò, á fọ ojú ọgbẹ́, á wá fa ẹran àyà aláìsàn fúnra rẹ̀, tàbí ọ̀rá tó bo ìfun, dí ihò náà. Tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fà á wá, ẹ̀jẹ̀ yẹn ló ń bá kòkòrò jà. Jurkiewicz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Atlanta, Amẹ́ríkà, ròyìn ọ̀nà yìí ní 1980. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹni tí irú ọgbẹ́ yìí bá jinlẹ̀ lára wọn ló ń kú.

Láti 1974 ni wọ́n ti ṣí ọkàn ní Enugu, pẹ̀lú Magdi Yacoub, ọmọ Íjíbítì. Àwọn dókítà àtúnṣe ara sì wà ní Igbobi níbí. Kì í ṣe ọ̀nà ló jìn, owó ni.

Èrò mi ni pé kí a pín ẹ̀yáwó iṣẹ́ abẹ sí méjì, kí apá kan dúró de ọgbẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, tó rí ọyún, tàbí tí egungun àyà rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́, kó padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. (Ẹ dákun, ẹ má bu àgúnmu sí i.)

Ìwé ìyá yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi. Onídùúró méjì ló nílò. Mo ti fọwọ́ sí ọ̀kan.