Adùn kọ́ ni ẹ̀rí ẹmu gidi

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mowé àti Ìbàfò, ohun kan náà ni púpọ̀ nínú àwọn tó bá yà sí ìdí ẹlẹ́mu máa ń béèrè: “Ṣé ó dùn?” Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ìfọ̀, lójú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹlẹ́mu á ní ó dùn bí oyin. Oníbàárà á tọ́ ọ wò, á mi orí, á sanwó. Ìbéèrè yìí gan-an ló ń ba ọjà ẹmu jẹ́. Ẹmu tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ ní àárọ̀, tí kò fojú kan yìnyín, tí ó sì tún ń dùn bí oyin ní agogo méje alẹ́, ọwọ́ ènìyàn ti wọ inú rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní akèrègbè ni yóò júwe ibi tí a ó ti fi okùn sí i lọ́rùn. Ẹmu fúnra rẹ̀ ló ń júwe bí ó ṣe yẹ kí wọ́n díwọ̀n rẹ̀. Omi tó ń kán láti ara ọ̀pẹ sínú agbè kò ní ọtí nínú. Ó mọ́ gaara, ó sì dùn. Ìwúkàrà tó wà lára agbè àti nínú afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀, tí ó ń jẹ ṣúgà rẹ̀, tí ó ń sọ ọ́ di ọtí, tí ẹmu fi ń hó, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń funfun. Láàárín wákàtí méjì péré, ọtí inú rẹ̀ lè tó ìdá 4 nínú 100. Bí ọtí bá ṣe ń pọ̀ sí i ni adùn ń dín kù. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá fi máa mọ́, ó ti ń kan, ó sì ti dojú kọ ọ̀nà àtidi ọtí kíkan. Kò sí ẹlẹ́mu tó lè bá ìwúkàrà bẹ̀bẹ̀ pé kó dúró.

Ẹmu nìkan kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹkùn Normandie àti Bretagne ní ilẹ̀ Faransé, èso ápù ni àwọn àgbẹ̀ máa ń fún, tí wọn á jẹ́ kí omi rẹ̀ di ọtí tí wọ́n ń pè ní cidre. Èyí tí ṣúgà ṣì pọ̀ nínú rẹ̀ ń jẹ́ doux, ọtí inú rẹ̀ kì í sì í ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Èyí tí ìwúkàrà ti jẹ ọ̀pọ̀ ṣúgà rẹ̀ tán ń jẹ́ brut. Kò dùn tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó ń pe brut ní ọtí tó bàjẹ́. Wọ́n kọ orúkọ sára ìgò, oníkálukú sì ń ra èyí tó bá ẹnu rẹ̀ mu. Láti ọdún 1996 ni ìjọba wọn ti fi òfin dáàbò bo orúkọ cidre ti Pays d’Auge àti ti Cornouaille, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá fi èso àdúgbò náà ṣe é ní ìlànà àdúgbò náà kò gbọdọ̀ lo orúkọ náà.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ẹni tó bá dàgbà sí oko mọ̀ pé ẹmu àárọ̀ yàtọ̀ sí ẹmu ìrọ̀lẹ́, bí ẹmu ọ̀pẹ ṣe yàtọ̀ sí ògùrọ̀. Àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ lè fẹ́ èyí tó dùn, kí àwọn àgbà ní kí wọ́n fi èyí tó ti le sílẹ̀ fún àwọn. Ṣùgbọ́n Mowé àti Ìbàfò ti kún fún àwọn tó ti Èkó wá kọ́lé, ilé sì ti gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ọ̀pẹ wà tẹ́lẹ̀. Ẹmu wá di ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá láti ọ̀nà jíjìn. Kí kẹ́ẹ̀gì tó dé ọjà, adùn ti ń lọ. Ẹni tó fi mínírà tọ́ ahọ́n rẹ̀ dàgbà á tọ́ ọ wò, á ní kò dára, á kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́mu kejì. Kí ni ẹlẹ́mu àkọ́kọ́ fẹ́ ṣe? Yóò bu omi sí i kí ìkan rẹ̀ lè rọ̀, yóò da ṣúgà tàbí sákárín sí i kí adùn lè padà. Oníbàárà ló kọ́ ọ ní èrú, tí yóò sì tún máa pè é ní ọ̀bàyéjẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára jù ni adẹ́mu tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí igbà bá já, ẹ̀mí lọ nìyẹn. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, gbé ìwé The Palm-Wine Drinkard jáde ní 1952. Orí ikú adẹ́mu kan tó jábọ́ láti orí ọ̀pẹ ni gbogbo ìtàn náà dúró lé: ọ̀mu kò rí ẹni tó lè dá ẹmu bíi tirẹ̀ mọ́, ló bá gbéra, ó di ìlú àwọn òkú. Lóde òní, ọ̀mu kò nílò ìrìn àjò kankan. Omi kànga àti sákárín ti rọ́pò adẹ́mu. Bí kẹ́ẹ̀gì kan bá ti di méjì nídìí omi, owó iṣẹ́ adẹ́mu ti di ìdajì.

Ọ̀rọ̀ ìlera tún wà níbẹ̀. Omi kànga tí wọn kò sè lè kó àrùn onígbáméjì àti ibà jẹfunjẹfun wọ inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè rò pé ẹmu tó ti le ni òun ń mu, kó jẹ́ pé ṣúgà tuntun ni wọ́n dà sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni sákárín kì í mú ọtí kúrò. Ẹmu alẹ́ tí wọ́n fi adùn bò á máa jọ ẹmu àárọ̀ lẹ́nu, agbára alẹ́ ni yóò sì fi ṣiṣẹ́ lára. Kí ẹni tó ń wakọ̀ lọ ní òpópó Èkó sí Ìbàdàn ro ìyẹn wò.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe ń dá ẹmu gidi mọ̀? Kí ó kọ́kọ́ wo ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Ẹmu tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kì í gbà kí wọ́n dé òun pa. Á máa hó, á máa ru. Kí ó wo àwọ̀ rẹ̀ nínú ahá: èyí tí omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ṣàn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kí ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kó tọ́ ọ wò. Adùn ọ̀pẹ máa ń ta ahọ́n díẹ̀, kì í sì í pẹ́ lọ. Adùn sákárín máa ń dúró lórí ahọ́n, á sì fi ìkorò díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹnìkan lè sọ pé sákárín kì í ṣe májèlé, àti pé ohun tí oníbàárà fẹ́ ni ẹlẹ́mu ń tà fún un. Òtítọ́ ni pé kò jọ ti ògógóró oní-mẹ́tánọ́ọ̀lù tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Rivers ní 2015. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí wọ́n má ta ohun dídùn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí wọ́n pè é ní orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, ti ṣe ìwádìí bí wọ́n ṣe lè fi iná dá ìwúkàrà dúró, kí ẹmu lè pẹ́ nínú ìgò. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ mọ̀ pé ẹmu inú ìgò ni òun rà.

Ohun tó kù kò le. Kí àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu máa fi bébà lé ara kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n kọ ọ̀pẹ tàbí ògùrọ̀ sí i, àti ìgbà tí wọ́n dá a. Kí ẹmu àárọ̀ ní iye tirẹ̀, kí ti ìrọ̀lẹ́ náà ní tirẹ̀, kí kíkan má sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Ìfọ̀ rán wolé-wolé sí ìdí ẹmu, kì í ṣe láti gba owó, bí kò ṣe láti wo omi àti kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń lò. Kí oníbàárà náà yí ìbéèrè rẹ̀ padà sí “Ìgbà wo ni wọ́n dá a?” Ọjọ́ tí ẹlẹ́mu bá rí i pé òun lè sọ òótọ́ kí ọjà òun sì tà, ọjọ́ náà ni yóò gbé sákárín sílẹ̀.